Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun àti Ìwé Àwọn Ará Ìràwọ̀ Kejìlá

Bí ẹ bá gbéra ní Òtù, tí ẹ forí lé ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, ẹ ó kan ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Budó-Àpáta. Ẹ má ṣòpò wá a nínú máàpù. Ẹni tó ya máàpù kò débẹ̀, a ò sì bá a wí, nítorí ọ̀nà náà kò dára. Iṣu wà níbẹ̀, àgbàdo wà, ọkà bàbà wà, mọ́sálásí mẹ́ta wà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì wà. Ní ọdún 1978 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun náà wà níbẹ̀, òun nìkan sì tó ìlú kan.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun kò pọ̀. Wọ́n ní kó máa mójú tó ilé ìkàwé ìlú, kó máa fọwọ́ sí lẹ́tà àwọn tíṣà, kó sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibi tó yẹ. Ilé ìkàwé náà kò ju yàrá kan lọ. Ìwé inú rẹ̀ kò tó igba, àádọ́ta nínú wọn sì jẹ́ ìwé kan náà, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú àgùntàn nílùú tí òjò dídì ti ń rọ̀. Àmọ́ ẹni bá wo pátákó tó wà níwájú ọ́fíìsì yóò rò pé ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ayé ló dé. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: ỌGÁ ÀGBÀ FÚN ÌWÉ KÍKÀ, ÌLÀJÚ, ÌMỌ̀, ÒYE, ÀTI GBOGBO Ọ̀RÀN MÌÍRÀN. “Ìwé Kíkà” nìkan ni ìjọba fi ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyókù kún un. Pátákó náà gùn débi pé wọ́n ní láti ri igi kẹta mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó má baà tẹ̀ láàárín.

Láàárọ̀, bí ó bá kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Jímọ̀ yóò lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀gá bá ti yọ, Jímọ̀ yóò ké pé, “Ìlàjú ti dé!” Gbogbo ẹni tó bá wà nínú ilé gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n dáhùn pé, “Ó ti tàn!” Bí ìdáhùn náà kò bá ròkè tó, Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun yóò padà síta, yóò sì tún wọlé. Ó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ di, tó kàn wá sá oòrùn.

Ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pè é síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí kànga, kó wá sọ gbólóhùn kan. Ó dìde, ó wú ikọ́, ó ní: “Ẹ̀yin ènìyàn mi! Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má rò pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìlàjú fúnra rẹ̀ ló jókòó sínú mi, tó fi ẹnu mi ṣe fèrèsé, tó ń wo yín!” Wákàtí méjì ni ìlàjú fi wò wọ́n lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó mu omi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí ọ́fíìsì tó ní fáànù àti tẹlifóònù.

Obìnrin kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Àdìjátù, tíṣà ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, òun àti ìyá rẹ̀, Àwáwù, ló kù nílé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dun ìyá yìí láti ìgbà tó ti ṣubú lódò, kò lè pọnmi, kò lè rìn jìnnà. Bí Àdìjátù bá ti darí dé láti iléèwé, tó ti gbọ́únjẹ fún ìyá rẹ̀, yóò gbé ìwé àjákọ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìn ilé, yóò máa kọ̀wé. Ohun tó kọ fún ọdún méjì ló di ìwé tó pè ní Àwọn Ará Ìràwọ̀ Kejìlá.

Òǹtẹ̀wé kan ní Ìsẹ́yìn ló bá a tẹ̀ ẹ́, igba ẹ̀dà péré. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé etí ìwé bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é, nítorí náà àwọn ewé ìwé náà lẹ̀ mọ́ra lókè. Ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti mú abẹ fẹ́lẹ́, kó máa là á lójú-ewé lójú-ewé. Fún oṣù kan gbáko, bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó sójúde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́ ní Budó-Àpáta, kì í ṣe irun ló fẹ́ fá.

Ìwé náà sọ nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ẹgbàárin ọdún sí i. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ti rẹ̀, òjò ti kọ̀, àwọn ènìyàn ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ti lọ tẹ̀dó sórí ìràwọ̀ kan tó jẹ́ ìkejìlá láti ibi tí wọ́n ti gbéra. Ohun gbogbo fúyẹ́ níbẹ̀. Iṣu tí wọn kò bá fi okùn so mọ́lẹ̀ yóò léfòó lọ. Oòrùn jìnnà sí wọn, nítorí náà wọ́n gbé àtùpà ńlá kan kọ́ sójú ọ̀run, wọ́n sì yan ọkùnrin kan tí yóò máa yí i tàn láràárọ̀.

Àwọn ará ìlú kà á, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ní kí wọ́n kà á fún òun. Ohun tí olúkúlùkù sì rí nínú rẹ̀, ohun ọ̀tọ̀ ni. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jẹ́ẹ́dé, tí ìyàwó rẹ̀ ń kà á fún un, wá bá Àdìjátù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ iṣu.

“Tíṣà, mi ò bá ọ jà o. Àmọ́ iṣu tó bá ń léfòó, báwo lo ṣe fẹ́ kọ ebè fún un? Àfi kí o kọ ebè yẹn sókè, kí o dojú ẹ̀ dé. O ò ronú ibẹ̀.”

“N ò ronú ibẹ̀ lóòótọ́, Bàbá.”

“Kí o tó tún kọ òmíràn, kí o wá bi mí.”

Sàfúrátù tó ń ta ọjà òkè òkun, tó ń gba Ìjìó kọjá bodè, ohun tó ń bí i nínú ni pé kò sí aṣọ́bodè kankan nínú ìwé náà. “Láti ìràwọ̀ kìíní dé ìkejìlá, ẹnì kan ò dá wọn dúró? Ẹnì kan ò ní kí wọ́n tú ẹrù? Àdìjátù, irọ́ lo pa níbẹ̀ yẹn.”

Alfa Mọ́nsúrù ló wá béèrè èyí tó le jù: bí àwọn ará ibẹ̀ bá fẹ́ kírun, ibo ni wọ́n ń kọjú sí? Àdìjátù kò mọ̀. Alfa náà kò mọ̀. Ó lọ sílé, ó rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ilé ayé lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá ti rí ilé ayé, wọ́n ti rí i nìyẹn.” Àdìjátù kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé nígbà tí lẹ́tà kan ti Ìbàdàn dé. Ìgbìmọ̀ kan tó ń wá ìwé Yorùbá tuntun fún àwọn iléèwé ti rí ìwé Àdìjátù. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà nínú ìwé fún wọn, àwọn ti kà á. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó kà á rò nípa rẹ̀, láti ẹnu àwọn fúnra wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ka lẹ́tà náà tán, ó kígbe, “Jímọ̀! Ìwé wo ni wọ́n ń sọ?”

“Èyí tí ẹ gbé fìlà lé lórí yẹn ni, sà.”

Ọ̀gá gbé fìlà kúrò. Ó wo ẹ̀yìn ìwé. “O ti kà á?”

“Mo ti kà á, sà.”

“Ṣé ènìyàn ńlá wà nínú rẹ̀?”

Jímọ̀ gbé itọ́ mì. “Ọ̀kan wà, sà. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ni àtùpà ọ̀run wà. Ilẹ̀ kì í mọ́ níbẹ̀ àfi bí ó bá sọ̀rọ̀ tán.”

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun dìde díẹ̀díẹ̀. “Ilẹ̀ kì í mọ́ àfi bí ó bá sọ̀rọ̀ tán! Ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ?”

“Ó ń sọ ọ́ gan-an ni, sà.”

“Irú aṣọ wo ló ń wọ̀?”

“Agbádá tí wọ́n rán dígí mọ́ káàkiri, sà. Kí ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lè máa rí ara rẹ̀ bó ṣe dọ̀bálẹ̀.”

“Jímọ̀!” Ohùn ọ̀gá wárìrì. “Èmi ni!”

Jímọ̀ ì bá ti sọ ìyókù nígbà náà. Ẹ má bá a wí o. Ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́fà ló ń dúró dè é nílé, ó sì ti kọ́ láti máa sọ ìdajì ọ̀rọ̀, kó gbé ìdajì tó kù mì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú oríire, sà.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ránṣẹ́ pe Àdìjátù. Ó ti kọ ohun kan sórí ìwé fún un kó fọwọ́ sí, pé láti inú ìwà àti ìṣe Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun lòun ti mú Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀, àti pé láìsí i, ìràwọ̀ kejìlá ì bá ṣókùnkùn.

“Sà,” ni Àdìjátù wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ara yín sí i.”

“Ìtìjú lò ń ṣe. Má tijú. Mo ti mọ̀.”

“Ẹ ka orí kẹfà, sà. Orí kẹfà nìkan. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i.” Ó mú abẹ fẹ́lẹ́ tuntun jáde nínú àpò, ó gbé e lé ìwé náà lórí.

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, èèyàn bíi tèmi kì í kàwé. Èèyàn bíi tèmi ni wọ́n ń kà!” Ó fa dúrówà, ó mú ìwé kan jáde. Lẹ́tà tíránsífà ni, tó fẹ́ fi gbé Àdìjátù lọ sí iléèwé kan tí mọ́tò kì í dé nígbà òjò, tó jẹ́ pé ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nínú oṣù kẹfà, ó di oṣù kọkànlá kó tó rí ilé. “Bí o kò bá fọwọ́ sí tèmi títí di Ọjọ́rú, màá fọwọ́ sí tìrẹ.”

Nígbà tí Àdìjátù lọ tán, ọ̀gá mú abẹ fẹ́lẹ́ náà lọ sílé, ó sì fi fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Àdìjátù sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwáwù na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó gbọ́ ọ tán.

“Ṣé irọ́ ni pé òun ni?”

Kí n sọ òótọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: nígbà tí Àdìjátù bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kò ro Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun rárá. Àmọ́ nígbà tó ń kọ orí kẹfà, ó lọ jókòó lọ́fíìsì yẹn láàárọ̀ mẹ́rin léraléra nítorí lẹ́tà tí yóò sọ ọ́ di tíṣà pátápátá. Ohun tó sì gbọ́ níbẹ̀ bá a délé.

“Kì í ṣe irọ́ tán, Ìyá.”

“Kí ló dé tí o ò fọwọ́ sí i?”

“Ọ̀gá ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Gbogbo ìlú yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ṣé ìlú ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó fi ohùn kékeré béèrè pé, “Iléèwé tí wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ yẹn, ó jìnnà tó báwo?”

Àdìjátù ní kò jìnnà. Irọ́ ló pa. Kò fọwọ́ sí i ṣáá.

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun kò dúró dè é. Ó ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní èrò nípa ìwé náà gbọ́dọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Èkíní: “Ṣé ìwé yìí dára?” Ìdáhùn tí èèyàn lè mú ni “Bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “Bẹ́ẹ̀ ni gidigidi.” Èkejì: “Ta ló wù ọ́ jù nínú rẹ̀?” Wọ́n ti tẹ ìdáhùn sí ìyẹn tẹ́lẹ̀, kó má baà ni ẹnikẹ́ni lára. Èrò tí kò bá ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì kì í ṣe èrò. Ó tún kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ̀wé nípa ọjọ́ iwájú mọ́ láìgba àṣẹ, nítorí pé “gbogbo ọdún tí kò bá tíì dé wà lábẹ́ ọ́fíìsì yìí.” Jẹ́ẹ́dé gbọ́ ìyẹn lóko, ó béèrè bóyá òun yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ kí òun tó gbin iṣu ọdún tó ń bọ̀.

Ó ku aṣọ. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ra gbogbo dígí pélébé-pélébé tí Sàfúrátù kó wá láti òdìkejì bodè, ó ní kí télọ̀ rán wọn mọ́ agbádá òfì rẹ̀ tó dára jù. Nígbà tó gbé e wọ̀ láti dán an wò, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹni kó ìkòkò irin dání.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àlejò mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ láti inú mọ́tò kan tí eruku ti sọ di pupa. Olórí wọn ni Ìyáàfin Olúwaṣọlá, ìyá àgbàlagbà kan tó ti ṣe tíṣà fún ogójì ọdún, tó máa ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ sísàlẹ̀ imú woni. Gbogbo ìlú wà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ìkàwé. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun nìkan ni kò sí lábẹ́ igi. Ó ti ní kí wọ́n gbé àga òun sínú oòrùn, nítorí pé bí oòrùn kò bá sí, dígí kò ní ṣiṣẹ́.

Dígí náà ṣiṣẹ́. Bó ṣe dìde, ìmọ́lẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, ó ń ta lu ògiri, ó ń ta lu ojú èèyàn. Àwọn ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sá lọ. Àwọn àlejò fi ọwọ́ bojú.

“Ẹ̀yin àlejò pàtàkì! Ẹ̀yin ènìyàn mi! Kí ni ìràwọ̀? Kí ni ìkejì? Kí ni ìkejìlá? Bí a bá fẹ́ mọ ìkejìlá, ṣé kò yẹ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní?” Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Aago mẹ́wàá ló dìde. Nígbà tí aago mọ́kànlá fi lù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ìràwọ̀ kẹrin ni, òógùn sì ti sọ eruku ojú rẹ̀ di ẹrẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni Ìyáàfin Olúwaṣọlá wí jẹ́jẹ́, “a dúpẹ́. Àwọn òǹkàwé la wá gbọ́ o.”

Alfa Mọ́nsúrù dìde, ó sọ ti ibi tí wọn yóò kọjú sí. Ìyáàfin Olúwaṣọlá béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé e dáadáa. Sàfúrátù sọ ti aṣọ́bodè, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó yọ fọ́ọ̀mù. Jẹ́ẹ́dé ló mú tirẹ̀ dání, àmọ́ ó dojú rẹ̀ dé. Ó sọ̀rọ̀ ebè títí, ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀.

“Yàtọ̀ sí ti iṣu, Bàbá,” ni Ìyáàfin Olúwaṣọlá béèrè, “ibo lẹ tún gbádùn nínú ìwé náà?”

Jẹ́ẹ́dé wo agbádá dígí. Ó wolẹ̀. “Ẹ jẹ́ n padà sórí ebè.”

“Sọ ọ́!” ni Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun kígbe. “Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́ sọ, ojú ń tì í! Ẹ̀yin àlejò, èmi ni Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ náà! Sọ ọ́, Jẹ́ẹ́dé!”

“Sà, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní kí o sọ ọ́, má fi ohunkóhun pamọ́!”

Jẹ́ẹ́dé wo Àdìjátù bí ẹni ń wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Àdìjátù ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ni bàbá bá sọ ọ́, bí ó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

“Ọkùnrin yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó yí àtùpà. Kó tó yí i, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ni ọ̀rọ̀ bá ń gùn sí i. Ó di pé ọ̀sán pọ́n, ilẹ̀ ò tíì mọ́.” Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. “Ewé iṣu funfun. Àwọn ọmọ ń forí gbá ara wọn nínú òkùnkùn. Òun ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rín bẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun rò pé ìyìn ni. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ ló sì ròkè jù. “Ẹ gbọ́! Ó ń sọ̀rọ̀! Kí ló tún ṣẹlẹ̀?”

“Ó sùn lọ, sà.”

“Ta ló sùn lọ?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ọ̀rọ̀ ara yín ló kùn yín lóorun. Obìnrin kan bá gun àkàbà, ó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń yí àtùpà. Kò wúwo rárá. Ẹnikẹ́ni ló lè yí i. Látọjọ́ yẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń yí i ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n wá ní kí ẹ̀yin máa nu gíláàsì ẹ̀.”

Ẹ̀rín náà gbé gbogbo abẹ́ máńgòrò. Sàfúrátù jókòó sílẹ̀. Alfa Mọ́nsúrù yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun dúró nínú oòrùn, ẹ̀rín tirẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó gbé e dúró mọ́.

“Irọ́ ni,” ló wí. “Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta!”

Ìyáàfin Olúwaṣọlá mú ẹ̀dà tó wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ó fẹ́ ṣí i sí orí kẹfà. Kò ṣí. Ó fẹ́ ṣí i sí orí kìíní. Ìyẹn náà kò ṣí. Ewé ìwé náà lẹ̀ mọ́ra gírígírí bí ọjọ́ tó kúrò ní Ìsẹ́yìn. Ìyá náà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè díẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, ibo lẹ gbà wọlé?”

Ká ní ó jókòó nígbà náà, bóyá ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn, ìlú ì bá sì fi ṣe àwàdà fún oṣù méjì kí wọ́n tó gbàgbé. Àmọ́ bó bá ti dìde tí èèyàn ń wò ó, kì í jókòó. Ó kọjú sí Àdìjátù, ó na ìka sí i. “Ìwọ lo ṣe èyí! Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fọwọ́ sí ìwé, o kọ̀! Ó dáa!” Ó kó ọwọ́ bọ agbádá, dígí méjì já bọ́, ó fa lẹ́tà tíránsífà yọ, ó sì kà á sókè fún ayé gbọ́: pé wọ́n gbé Tíṣà Àdìjátù kúrò nílùú, nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ́rìí sí i pé Ọ̀gá Àgbà ni Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín dákẹ́ wáí. Àwáwù, tí wọ́n gbé àga fún níwájú, fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Ẹ fún mi níwèé yẹn,” ni Ìyáàfin Olúwaṣọlá wí. Ó kà á, ó ká a, ó fi sínú báàgì. Ó yíjú sí akọ̀wé. “Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?”

Jímọ̀ dìde. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo Àwáwù. “Èmi ni, mà.” Ó gbé itọ́ mì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ kò bá itọ́ lọ. “Àwọn mìíràn ṣì wà nínú dúrówà, mà. Lẹ́tà tíṣà mẹ́sàn-án tó yẹ kí wọ́n ti gbà síṣẹ́ pátápátá láti ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀gá ò fi ránṣẹ́.”

“Kí ló dé?”

“Wọn ò dáhùn ‘Ó ti tàn’ sókè tó, mà.”

Lẹ́tà àṣẹ dé láti Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, wọ́n sì ní kó máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú ilé ìkàwé kan náà. Tíṣà mẹ́sàn-án gba lẹ́tà wọn, Àdìjátù ṣe ìkẹwàá. Wọ́n mú ìwé rẹ̀ fún iléèwé, kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ o, iléèwé mọ́kànlá péré ní agbègbè Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ó sì dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ní ti agbádá dígí, Jẹ́ẹ́dé lọ tọrọ rẹ̀ fún oko ọkà bàbà rẹ̀. Ẹyẹ kan kò débẹ̀ lọ́dún náà.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun wá sílé Àdìjátù. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, ó mú ìwé náà dání. Àdìjátù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Àwáwù wà lẹ́bàá ààrò, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun kò jókòó. Ó wú ikọ́. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ló bẹ̀rẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn: obìnrin méjì àti adìẹ kan. Ó jókòó.

“Mo ti kà á,” ló wí. “Àwọn tí mò ń kọ́ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgùntàn ìlú òtútù, mo wá ń ka èyí fún wọn. N ò wá nítorí orí kẹfà. Orí kẹfà… ó dáa. Orí kẹwàá ni mo fẹ́ béèrè.”

Àdìjátù gbé ojú sókè. Kò sẹ́nì kankan tó tíì bi í nípa orí kẹwàá.

“Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ń bá a lọ. “Ó di ìdì àgbàdo méjì mọ́ aṣọ láti ilé ayé. Ọkọ rẹ̀ ló ṣa wọ́n sílẹ̀ fún gbígbìn kó tó kú. Wọ́n dé ìràwọ̀ kejìlá, gbogbo èèyàn gbin ohun tí wọ́n mú wá. Òun kò gbin tirẹ̀. Kò jẹ ẹ́, kò fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí kò gbìn ín? Mo wá a títí dé òpin ìwé, n ò rí i.”

Àdìjátù ti ka gbogbo ìwé náà fún ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí kẹwàá nìkan ló fò. Ó wo òkè ààrò, níbi tí ìdì àgbàdo méjì tí bàbá rẹ̀ so kọ́ kó tó kú ṣì wà láti ọdún méjì, tí èéfín ti sọ háhá wọn di dúdú.

Ọwọ́ Àwáwù ti dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Bí ó bá gbìn ín, tí kò bá hù ńkọ́?” ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun yíjú sí i.

Àwáwù ti igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò wo ọmọ rẹ̀. “Ẹ kà á,” ló wí. “Ibi ìyá yẹn.”

Ọkùnrin náà ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, pẹ̀lú ohùn tí kò ròkè, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Nígbà tó dé òpin ojú-ewé, tó fẹ́ ṣí èyí tó kàn, Àwáwù na ọwọ́ dá a dúró.

“Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀,” ló wí. “Ẹ tún ibi tó ti di í mọ́ aṣọ yẹn kà.”

Ó padà, ó sì tún un kà.